Ọlọ́pàá Inú Yìnyín àti Fọ́ọ̀mù Ìdánwò Mi

Ọjọ́ Sátidé ni. Agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ti fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá kọjá. Ọyẹ́ mú, eruku rẹ̀ sì bo òkè Mápó débi pé àwọn òpó iwájú gbọ̀ngàn tó wà níbẹ̀ nìkan la rí láti ìsàlẹ̀. Ètè gbogbo wa ti là. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe kọ ọ́ sínú ìwé mi nígbà tí mo délé lọ́jọ́ náà. Ìwé náà ṣì wà lọ́wọ́ mi, nítorí náà kì í ṣe ìrántí lásán ni mo fi ń sọ ọ́.

A wà nínú kíláàsì gígùn kan ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Bẹẹrẹ, níbi tí àwa àgbàlagbà ti ń kẹ́kọ̀ọ́ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ mẹ́ta nínú ọ̀sẹ̀. Bẹ́ǹṣì àwọn ọmọ kékeré la máa ń jókòó lé. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí mo débẹ̀, kí n tó ṣí ìwé kankan, mo yẹ ẹsẹ̀ bẹ́ǹṣì tèmi wò, mo sì kan ìṣó méjì mọ́ ọn. N kì í jókòó lé ohun tí n kò bá yẹ̀ wò.

Iṣẹ́ káfíńtà ni mo kọ́. Ọ́fíìsì ìjọba kan ní Agodi ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà, òrùlé ilé àwọn òṣìṣẹ́ ni wọ́n sì sábà máa ń rán mi gùn. Ní ọdún tó ṣáájú, mo já bọ́ láti orí ọ̀kan nínú àwọn òrùlé náà, orúnkún mi ọ̀tún kò sì padà sí bó ṣe wà. Ọ̀gá wa ṣàánú mi. Ó ní àyè olùtọ́jú sítọ́ọ̀ kan wà tí òun lè fi pamọ́ dè mí títí ọdún yóò fi parí, bí mo bá lè mú ìwé ẹ̀rí ẹ̀kọ́ àgbà wá. Bí n kò bá rí i mú wá, ilé ni n ó máa lọ, nítorí kí ni wọn yóò máa fi káfíńtà tí kò lè gun àkàbà mọ́ ṣe?

Ìwé ẹ̀rí kò ṣeé gbà láìṣe ìdánwò, ìdánwò kò sì ṣeé ṣe àfi bí olùkọ́ wa bá fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti kọ̀ láti fọwọ́ sí tèmi. Kì í ṣe pé n kò mọ̀wé kà. Mo máa ń pẹ́ jù ni. Mo máa ń fi ìka tẹ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan mọ́lẹ̀ bí ẹni tó di ìṣó mú de òòlù, n kì í sì í lọ síbi èkejì àfi bí èkíní bá wọlé dáadáa.

“Káfíńtà, àpótí lẹ ń kàn, ẹ ò kàwé,” ni olùkọ́ máa ń sọ. “Ìdánwò ò ní dúró dè yín.”

Ó kéré sí mi ní nǹkan bí ọdún mẹ́jọ, ṣùgbọ́n ẹ̀yin ni a jọ ń pe ara wa. Ó ti kẹ́kọ̀ọ́ ní ọ̀kan nínú àwọn orílẹ̀-èdè tútù tó wà ní òkè pátápátá ní ilẹ̀ Yúróòpù, kásẹ́ẹ̀tì fíìmù kan sì wà lára ẹrù tó kó bọ̀. Fíìmù ọlọ́pàá ni: wọ́n rí òkú, ọlọ́pàá ń wádìí ohun tó pa á. Èdè ilẹ̀ wọn ni wọ́n ń sọ nínú rẹ̀, wọ́n wá ń kọ Gẹ̀ẹ́sì sí ìsàlẹ̀ àwòrán fún ẹni tí kò bá gbọ́. Olùkọ́ ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan wa dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ó máa ka Gẹ̀ẹ́sì náà sínú, kí ó sì máa túmọ̀ rẹ̀ sókè, gẹ́gẹ́ bí ògbufọ̀ ti máa ń dúró ti oníwàásù.

“Ẹ mú àwọn ará ilé yín tí ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì wá,” ó wí. “Bí fíìmù náà bá yé wọn, mo fọwọ́ sí i. Bí ò bá yé wọn, ó di ọdún tó ń bọ̀.”

Ọjọ́ Mọ́ńdè tó tẹ̀lé e ni àwọn fọ́ọ̀mù náà yóò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ní tèmi, kò sí ọdún tó ń bọ̀ níbẹ̀. Mo mú ìyá mi wá láti Bẹyẹrúnkà. A rọra ń rìn ni, òun nítorí ọjọ́ orí, èmi nítorí orúnkún, àwọn tó rí wa lọ́nà sì ń bi wá pé ta ló ń sin ẹnì kejì.

Fíìmù náà bẹ̀rẹ̀ lórí adágún omi kan tó ti dì gbagidi. Òkú ọkùnrin kan wà nínú omi dídì náà, ó mù ún dé àyà, apá rẹ̀ ọ̀tún sì nà sókè bí ti ẹni tó ń pe takisí. Ọlọ́pàá méjì dé ibẹ̀: ọkùnrin àgbà kan, oníkùn ńlá, tí ikun ń ro ní imú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù dé òpin, àti ọ̀dọ́bìnrin kan tí kì í rẹ́rìn-ín. Wọ́n fa òkú náà, kò wá. Wọ́n gbẹ́ omi dídì náà, ọkọ́ kán. Wọ́n ránṣẹ́ pé kí wọ́n lọ gbé omi gbígbóná wá. Bí wọ́n ti ń dúró, ebi ń pa ọlọ́pàá àgbà, ó fẹ́ jẹ búrẹ́dì. Ó wá ibi tí yóò fi fìlà rẹ̀ kọ́, kò rí igi kankan nítòsí. Ó fi í kọ́ ọwọ́ òkú.

Mo gbọ́ ohùn ìyá mi láti iwájú. “Ṣé wọn ò bẹ̀rù Ọlọ́run ni?” Ó fi ìborùn bo ẹnu, ṣùgbọ́n èjìká rẹ̀ ń mì. Ni gbogbo kíláàsì bá bú sẹ́rìn-ín.

Ẹni tó kọ́kọ́ túmọ̀ ni obìnrin kan tó ń ránṣọ ní Gbági. Kò tíì ju ìlà mẹ́ta lọ tí awakọ̀ kan láàrin wa, ọmọ kíláàsì bíi tiwa, fi nawọ́ sókè.

“Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́. Ṣé òyìnbó kọ́ làwọn wọ̀nyí ni?”

“Òyìnbó ni wọ́n.”

“Wọn ò wá gbọ́ òyìnbó?”

“Wọ́n ní èdè tiwọn.”

Awakọ̀ rò ó díẹ̀. “Àwọn náà ń lọ sí ilé-ìwé àgbà nìyẹn.”

Ohun tí mo fẹ́ràn jù lára ọlọ́pàá àgbà yẹn ni ìwé pélébé kan tó máa ń yọ nínú àpò. Ibikíbi tó bá dé, kó tó bi ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè, yóò kọ ọjọ́, yóò kọ wákàtí, yóò sì kọ bí ojú ọ̀run ṣe rí. Ojú ọ̀run kò yí padà rí nínú fíìmù náà: yìnyín ni ní òwúrọ̀, yìnyín ni ní ọ̀sán. Síbẹ̀ yóò gbójú sókè, yóò ronú, yóò kọ ọ́ pé yìnyín. Àwọn ènìyàn ń fi í rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Mo rí i pé kò ṣèèṣì. Ó fẹ́ kí ọ̀rọ̀ òun ní ibi tí yóò dúró lé ni.

Nígbà tó kan awakọ̀, ó bọ́ sí ibi tí àwọn ọlọ́pàá ti mú ọkùnrin kan tí wọ́n fura sí. Wọ́n dè é lọ́wọ́, wọ́n gbé e sínú ọkọ̀, ọkọ̀ kọ̀, kò ṣiṣẹ́. Wọ́n ní kó sọ̀kalẹ̀ kó wá bá wọn tì í. Ọkùnrin náà sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ dídè, ó fi èjìká tì í, ọkọ̀ dáhùn, àwọn ọlọ́pàá sì wà á lọ. Wọ́n gbàgbé rẹ̀ sẹ́yìn. Ó ń sáré tẹ̀lé wọn nínú yìnyín.

“Ó ní, ‘Ẹ dúró dè mí, ẹ̀yin ará,’” ni awakọ̀ túmọ̀, òun náà sì ń sáré lójú kan. “‘Òtútù ń pa mí o. Ẹ̀yin lẹ mú mi, ẹ wá gbé mi lọ sí àtìmọ́lé.’”

A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Olùkọ́ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n, àwọn fọ́ọ̀mù wà nínú fáìlì lórí itan rẹ̀. Mo rí i tó fọwọ́ sí ọ̀kan. Ó pe èmi.

Ìṣòro tí mo kọ́kọ́ bá pàdé ni pé kò sí ibi tí ènìyàn yóò ti fi ìka tẹ ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀ lójú tẹlifíṣọ̀n. Ìlà kìíní lọ kí n tó rí ìdajì rẹ̀. Ìkejì náà lọ. Mo fi ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, mo di ìka ara mi mú, mo sì bá ìkẹta.

Ọlọ́pàá àgbà ti dé ẹnu ọ̀nà ilé kékeré kan, òun nìkan. Ìyá arúgbó kan ṣílẹ̀kùn. Ó wo ẹsẹ̀ ọlọ́pàá, ó ní kó bọ́ bàtà, nítorí yìnyín. Ó bọ́ ọ. Ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ ti lu, àtàǹpàkò rẹ̀ yọ síta. Mo ń túmọ̀ gbogbo rẹ̀, ó sì ń yé wọn, nítorí wọ́n ń rẹ́rìn-ín níbi tó yẹ. Ọkùnrin náà dúró lórí ẹní obìnrin yẹn pẹ̀lú àtàǹpàkò rẹ̀, ó ṣí fìlà, ó la ẹnu. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì mẹ́rin péré ló jáde ní ìsàlẹ̀. Mo rí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ń sọ fún un pé ọmọ rẹ̀ ti kú.

Mo gbójú sókè, ojú èmi àti ìyá mi ṣe mẹ́rin.

Ó yẹ kí n sọ èyí kí n tó tẹ̀ síwájú. Mo ní àbúrò kan, àbíkẹ́yìn ìyá mi, tó máa ń bá ọkọ̀ akẹ́rù lọ sí òkè Ọya. Ní ọdún mélòó kan ṣáájú ìrọ̀lẹ́ yìí, ọkọ̀ náà dojú dé lọ́nà, àbúrò mi kò sì bọ̀ mọ́. Ní ilẹ̀ wa, a kì í já irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lu ìyá lójijì. Lẹ́yìn ìrun alásáárì, àwọn àgbà agbo ilé wa kó ara wọn jọ, wọ́n wọlé tọ ìyá mi, wọ́n kí i, wọ́n bi í nípa ọjà, wọ́n bi í nípa ara, lẹ́yìn náà ni wọ́n ní ara ọmọ rẹ̀ kò yá díẹ̀ níbi tó wà. Wọ́n yíjú sí mi, wọ́n ní, “Àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó di ọjọ́ kejì kí wọ́n tó sọ ọ́ tán fún un. Láti ìgbà náà, èmi àti òun kò mẹ́nu ba ọjọ́ yẹn tàbí orúkọ àbúrò mi láàrin ara wa.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ mẹ́rin náà jáde, ohun tí ẹnu mi sọ ni pé, “Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, ara ọmọ yín ni kò yá díẹ̀.”

Gbogbo wọn ló ti rí òkú láti ìbẹ̀rẹ̀. Lójú tẹlifíṣọ̀n, ìyá arúgbó bèèrè ibi tí ọmọ òun wà. Ọlọ́pàá dáhùn pé inú adágún ni, pé àwọn kò tíì rí i fà yọ. Mo ní, “Ó wà lẹ́bàá omi. Wọ́n ń tọ́jú rẹ̀.”

Awakọ̀ kò lè pa á mọ́ra. “Ẹ̀gbọ́n Káfíńtà, ṣé ẹni tí wọ́n fi fìlà kọ́ lọ́wọ́ lẹ ní wọ́n ń tọ́jú?”

“Fìlà yẹn ni oògùn ẹ̀,” ẹnìkan fèsì láti ẹ̀yìn.

Olùkọ́ dá fíìmù dúró nínú ẹ̀rín wọn. “Káfíńtà, ẹ ò rí ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀?”

Bí mo bá ní mo rí i, yóò ní kí n sọ ọ́ lójú ìyá mi. Bí mo bá ní n kò rí i, iṣẹ́ mi ti lọ.

“Ìgbà kẹta rèé o,” olùkọ́ sọ pẹ̀lẹ́. Mo rí i tó fa fọ́ọ̀mù kan yọ láàrin àwọn yòókù, tó sì tì í sí abẹ́ gbogbo wọn.

“Tíṣà, ẹ má bínú.” Ìyá mi ni. Kò dìde. “Ọmọ yìí rí i.”

“Màmá, ohun tó sọ kọ́ ló wà níbẹ̀.”

“Mo mọ̀. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún èmi náà nìyẹn. Òun pẹ̀lú wọn ló jókòó.” Ó yíjú sí mi. “Ṣé ẹ rò pé n ò mọ̀ lọ́jọ́ yẹn? Ọkùnrin mẹ́fà kì í dédé wọlé wá bèèrè lọ́wọ́ obìnrin bóyá ata wọ́n lọ́jà.”

Òun ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Àwọn tó kù kò mọ bóyá ó yẹ kí àwọn rẹ́rìn-ín tàbí kí àwọn má rẹ́rìn-ín.

“Mo gbé omi fún yín, kò sẹ́ni tó mu ún,” ó ń bá a lọ. “Mo ti mọ̀ nígbà yẹn. Ẹ̀yin lẹ ò mọ̀ pé mo mọ̀. Mo jẹ́ kí ẹ sọ ọ́ bí ẹ ṣe fẹ́, torí ó hàn lójú yín pé ọ̀rọ̀ náà wúwo jù yín lọ.” Ó fi ìka han tẹlifíṣọ̀n, níbi tí àwòrán dúró sí. “Obìnrin yẹn náà ti mọ̀. Wo bó ṣe di ilẹ̀kùn mú. Sọ ohun tí ọkùnrin náà sọ, ọmọ mi. Ojú ni kó o gbé kúrò lára mi.”

Olùkọ́ bi mí pé, “Ẹ rí ọ̀rọ̀ yẹn, ẹ sì ti wá òmíràn fi rọ́pò rẹ̀ kó tó kúrò níbẹ̀?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

“Èyí tó tẹ̀lé e ńkọ́? Ti inú adágún?”

“Mo rí ìyẹn náà, sà.”

Ó dá kásẹ́ẹ̀tì padà sí ibi tí ọlọ́pàá ti kan ilẹ̀kùn. Mo dúró, mo túmọ̀ bàtà, mo túmọ̀ yìnyín, nígbà tó sì kan ọ̀rọ̀ mẹ́rin yẹn, mo ní, “Ọmọ yín ti kú.” Ìgbà àkọ́kọ́ rèé tí mo sọ ọ́ létí ìyá mi.

Láti ibẹ̀ n kò fo ìlà kankan. Ìyá arúgbó náà bi ọlọ́pàá bóyá yóò mu kọfí. Ó ní òun yóò mu ún, kí wọ́n fi ṣúgà sí i. Wọ́n jọ mu ún. Nígbà tí wọ́n mu ún tán, ọlọ́pàá ní òun yóò bá a fọ ife, ọ̀kan bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó fọ́. Ó yára ṣa àfọ́kù rẹ̀ sínú ọ̀rá tí wọ́n fi ń kó ẹ̀rí, ó fi í sápò. Obìnrin náà rí i. Ó ní kó kúkú mú ife kejì náà lọ, nítorí òun kò ní rí ẹni bá mu kọfí mọ́. Ọlọ́pàá wọ bàtà, ó kọ nǹkan sínú ìwé rẹ̀, ó lọ.

“Ta ló máa sùn tì í lálẹ́ yìí?” ìyá mi bèèrè.

Wọn kò kọ ìyẹn sí ìsàlẹ̀ àwòrán, ṣùgbọ́n mo dá a lóhùn. “Kò sẹ́ni.”

“Kò sẹ́ni kẹ̀?” Ó wo obìnrin náà títí àwòrán fi yí padà. “Tèmi, wọ́n sùn dé ẹnu ọ̀nà. Wọ́n sì ń hanrun.”

“Wọ́n hanrun dáadáa,” ni mo wí.

“N ò fojú kan oorun. Ọlọ́run á san án fún wọn.”

Ẹlòmíràn ló túmọ̀ òpin rẹ̀. Kò sí apànìyàn kankan. Ọkùnrin yẹn ti lọ pẹja, ó na ọwọ́ sí ẹja, omi dídì là lábẹ́ rẹ̀. Inú bí awakọ̀. “A jókòó fún wákàtí méjì,” ó ní, “ẹja ló wá pa á?” Ó bèèrè bóyá kásẹ́ẹ̀tì mìíràn wà tí wọ́n ti mú ẹja náà.

Nígbà tí àwọn ènìyàn ń tún bẹ́ǹṣì tò, olùkọ́ fa fọ́ọ̀mù mi yọ láti abẹ́ àwọn yòókù. Ó ní ẹni tí kò bá rí ọ̀rọ̀ kò ní mọ ibi tí yóò sá gbà fún un. Ó fọwọ́ sí i lórí bẹ́ǹṣì tí mo kan ìṣó mọ́, ó gbé e fún ìyá mi pé kó bá mi mú un dání títí yíǹkì rẹ̀ yóò fi gbẹ. Ìyá mi di etí rẹ̀ méjèèjì mú bí ẹni tó gbé àwo ọbẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ olùkọ́ lọ́jọ́ náà, mo sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ títí di òní, nítorí kò pọn dandan fún un láti dá kásẹ́ẹ̀tì náà padà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn àgbà mẹ́fà yẹn náà, tí púpọ̀ nínú wọn ti lọ. Wọ́n purọ́ fún ìyá mi, wọ́n sì dúró tì í lẹ́yìn irọ́ náà. Àwọn tó ya fíìmù yẹn nínú yìnyín kò mọ̀ pé a wà láyé. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn náà.

Mo ṣe ìdánwò lóṣù tó tẹ̀lé e, mo yege. Wọ́n gbé mi sí sítọ́ọ̀ ní Agodi, ibẹ̀ ni mo ti fẹ̀yìntì. Nílé wa, a bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ àbúrò mi.